Ìmìtìtì ilẹ̀ ni àbí àdó olóró átọ́míìkì: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Àdùkẹ́_Òṣogbo
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tá a jọ jáde ilé ìwé girama, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí wa pé ilẹ̀ tó mì ní Semnan lórílẹ̀-èdè Iran lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2024 kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀ rárá, pé àdó olóró átọ́míìkì ni wọ́n yọ́ dán wò lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tún mì níbẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025, tí Iran àti Israel ń bára wọn jà lọ́wọ́, ohùn ọjọ́sí náà ló tún gbé jáde: "Ẹ ò rí i bí? Ṣé mo parọ́?" Ẹ̀rí tó ní kò ju pé àgbègbè yẹn ni wọ́n ti máa ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn tó gbà á gbọ́ ti ń gba ààwẹ̀ nítorí ogun àgbáyé kẹta.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ pé èyí ni ìmìtìtì, èyí ni àdó olóró? Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èmi tí mo jókòó sí Òṣogbo pẹ̀lú fóònù mi, kí ni mo lè fúnra mi yẹ̀ wò? Ẹ má fi gírámà pa mí o.

Olùkọ́_Fíṣíìsì
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì pọ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́ra gírígírí, kí ẹ wá máa ti ọ̀tún síwájú, kí ẹ máa fa òsì sẹ́yìn. Wọn ò ní kọ́kọ́ yẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àpáta méjì ń ṣe nísàlẹ̀ ilẹ̀ nìyẹn bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá wáyé: wọ́n ti há mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára ń kó jọ, lọ́jọ́ tí wọn ò lè mú un mọ́ra mọ́, ọ̀kan á yọ̀ kọjá èkejì.

Àdó olóró ò ní àpáta kankan tó ń yọ̀ kọjá èkejì. Ibì kan ṣoṣo ló ti bú, ó sì ti gbogbo ohun tó yí i ká síta lẹ́ẹ̀kan: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ibi tí ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tí àwọn yòókù máa sọ fún yín lábẹ́ ibí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ lé.

Irú ìgbì méjì ló ń gba inú ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì sílẹ̀. Èyí tó ń yára, P ni wọ́n ń pè é, títì àti fífà ni ìrìn tirẹ̀, ó sì ń rin bíi kìlómítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú àpáta òkè ilẹ̀. Èkejì ni S, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń gbọn ilẹ̀, kìlómítà mẹ́ta àbọ̀ ló ń rìn. Bí ẹ̀rọ bá wà ní 350 kìlómítà síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, P á kàn án lára lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá 58, S á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìṣẹ́jú àáyá 100. Nítorí pé ìyọ̀kọjá ni ìmìtìtì ilẹ̀, S rẹ̀ máa ń tóbi, ó sábà máa ń ju P lọ. Àdó olóró ń tì ni, kì í gbọn ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà P rẹ̀ á yọ ṣánṣán bí abẹ́rẹ́, S á wá tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí ẹ̀rọ ń fà. Bí P bá kọ́kọ́ gbé ìlà náà sókè, a jẹ́ pé wọ́n ti ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Bó bá kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n fà á lọ. Ẹ̀rọ tó yí ibi tí àdó olóró ti bú ká, gbogbo wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ sókè. Ti ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn kan á lọ sókè, àwọn kan á lọ sílẹ̀, nítorí pé bí àpáta kan ṣe ń sún mọ́ ẹnì kan ló ń sá fún ẹlòmíì.

Àdùkẹ́_Òṣogbo
Mo ti fi ọwọ́ mi ṣe é. Ọmọ mi ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ẹ ṣeun, ó yé mi.

Òkúta_L'Abẹ́òkúta
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń fọ́ òkúta jẹun náà dá sí i, torí pé lọ́dọ̀ tiwa, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe ìbúgbàù ní ìmìtìtì ilẹ̀, tí wọ́n sì ń pe ìmìtìtì ilẹ̀ ní ìbúgbàù.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A ó gbẹ́ ihò sára àpáta ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, a ó rọ ẹ̀tù sínú wọn, a ó fi okùn so wọ́n pọ̀. A kì í jẹ́ kí gbogbo ihò bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò kan á bú, èyí tó tẹ̀ lé e á bú lẹ́yìn nǹkan bíi ìdá 25 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kárí. Etí èèyàn ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, gbì kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́. Ìdí tá a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí òkúta lè fọ́ dáadáa, kí ilé aládùúgbò má sì sán. Ká tó yìn ín, ẹnì kan á ti gbé àpótí kékeré kan tó ní ẹsẹ̀ ṣóńṣó mẹ́ta lọ gún mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó sún mọ́ wa jù. Àpótí yẹn ló ń kọ bí ilẹ̀ ṣe mì sílẹ̀. Ìwé tó bá tẹ̀ jáde la fi máa ń bá àwọn onílé rojọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí onílé tó gba ìwé yẹn gbọ́ láyé mi.

Ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ yìí sọ fún mi pé bí wọ́n bá tú ìgbì tiwa palẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ilà á hàn nínú rẹ̀ gbàgà-gbàgà nítorí ihò tó ń bú tẹ̀ léra wọn, pé ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé òkúta ni wọ́n ń fọ́. Ilà yẹn ò sí lára ìmìtìtì ilẹ̀, kò sì sí lára àdó olóró átọ́míìkì torí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni tiẹ̀.

Dáyọ̀_Texas
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n sì kọ́ mi ní yunifásítì nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣe àfikún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àmì kan ṣoṣo ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bi í dáadáa. Wọ́n ń kó àmì jọ ni.

Jíjìn sí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi. Ihò tó jìn jù tí ọmọ èèyàn tíì gbẹ́, ti Kola ní Rọ́ṣíà, díẹ̀ ló fi lé ní kìlómítà 12, ihò náà ò sì fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Àdó olóró tí wọ́n ń dán wò kì í sábà ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ sísàlẹ̀. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ ní kìlómítà 20, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà kan: 10. Ti Semnan, kìlómítà 10 ni USGS, àjọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀, kọ síbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fi ṣe ẹ̀rí pé "ó jìn". Bí ẹ̀rọ tó wà nítòsí ò bá tó láti wọn jíjìn náà dáadáa, 10 yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi dí àyè. Ẹ má fi bá ẹnikẹ́ni jà.

Àmì kejì: ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn bí mímì náà ṣe tóbi tó. Ọ̀kan láti ara ìgbì P tó gba inú ilẹ̀ kọjá, tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Èkejì láti ara ìgbì tó ń rá lórí ilẹ̀, tó máa ń gba bíi ogún ìṣẹ́jú àáyá kó tó lọ sókè kó tún sọ̀ kalẹ̀. Ti ìmìtìtì ilẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì kì í jìnnà síra. Ti àdó olóró, èyí tó wá láti ojú ilẹ̀ máa ń kéré ju èkejì lọ gan-an, torí pé nǹkan tó bú náà kéré, ó sì yára, kò ní àpáta gígùn tó ń yọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi àmì yìí ṣe olórí. Kòríà Àríwá ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì í. Àwọn tí wọ́n dán wò ní Punggye-ri láti 2006, ìgbì ojú ilẹ̀ wọn tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, díẹ̀ ló kù kí òṣùwọ̀n àtijọ́ kà wọ́n mọ́ ìmìtìtì ilẹ̀. Wọ́n ní láti tún ààlà náà fà. Èyí tí ẹ̀gbọ́n olùkọ́ sọ, P lórí S, pàápàá níbi tí ìgbọ̀nrìrì ti ń yára, òun ló fi wọ́n hàn kedere.

Ọ̀sán gangan ní aago Pyongyang ni wọ́n yin ti ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 2017. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ti oṣù kìíní 2016, aago mẹ́sàn-án ni ti oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Ilẹ̀ kì í wo aago kó tó mì.

Ti 2017 yẹn, ìwọ̀n 6.3 ni USGS kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n bíi 4.1. Ìlà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: dípò títì síta, ṣe ni ilẹ̀ ń wọ inú. Ihò tí àdó olóró dá sínú òkè ló ya lulẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń fi rédà wo ilẹ̀ rí i pé ara òkè Mantap sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta àbọ̀, orí rẹ̀ sì rì ní bí ìdajì mítà.

Ṣèyí_Aláìgbàgbọ́
Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára. Ta ló ni ẹ̀rọ? Amẹ́ríkà. Ta ló ń ka ẹ̀rọ? Amẹ́ríkà. Wọ́n á sọ ohun tó bá wù wọ́n.

Dáyọ̀_Texas
Ṣèyí, ìbéèrè gidi lo bi, torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé àwọn kan láàárín ìjọba Amẹ́ríkà yára sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ 1997, nǹkan kékeré kan mì lẹ́bàá Novaya Zemlya, níbi tí Rọ́ṣíà ti máa ń dán àdó olóró wò tẹ́lẹ̀. Ariwo ta ní Washington pé Rọ́ṣíà ti da àdéhùn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tú ìlà tí ẹ̀rọ fà palẹ̀: inú Òkun Kara ló ti ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi 130 kìlómítà síbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Wákàtí bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà, òmíràn tó kéré sí i tún mì níbì kan náà, bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe máa ń bí ọmọ. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ gbà pé kì í ṣe àdó olóró. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó tako ìjọba wọn lórí ẹ̀.

Àjọ tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ni CTBTO, Vienna ni ìjókòó wọn. Àdéhùn tó fi òfin de ìdánwò àdó olóró, ọdún 1996 ni wọ́n ṣí i fún ìfọwọ́sí. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i, ó sì ti fòǹtẹ̀ lù ú ní 2001. Àdéhùn náà ò tíì di òfin kárí ayé torí pé àwọn kan tó yẹ kó fòǹtẹ̀ lù ú ò tíì ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ibùdó 321 àti yàrá àyẹ̀wò 16 ni wọ́n là sílẹ̀, 170 nínú rẹ̀ ló ń tẹ́tí sí ilẹ̀. Ọ̀kan wà ní Dimbokro, ní Côte d'Ivoire, kò jìnnà sí wa. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí àdéhùn ló ń rí ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ọmọ Burkina Faso ni ọ̀gá wọn láti 2013 sí 2021, Lassina Zerbo, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni òun náà. Yàtọ̀ sí ti CTBTO, ẹ̀rọ yunifásítì kún ayé, ọ̀pọ̀ ni ẹnikẹ́ni lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ wa ìlà rẹ̀ wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ nípa rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì tí mo jókòó sí tẹ́lẹ̀ á tú u fó.

Bàbá_Arúgbó_Lálúpọn
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń sọ ti Kòríà, ẹ gbàgbé ti Sàhárà. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1960 ni Faransé bú àkọ́kọ́ tiwọn ní Reggane, ní Àlgéríà. Ìgbà tí wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní ìparí ọdún náà, Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira tó oṣù mẹ́ta. Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù kìíní 1961. Ìyẹn ò ní ẹ̀rọ nínú o, ojú ọ̀run ni wọ́n bú u sí, gbogbo ayé ló rí i. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fi délẹ̀ ni pé wọ́n wá wọ abẹ́ òkè lọ. Ní In Ekker, láàárín 1961 sí 1966, mẹ́tàlá ni Faransé bú sínú àpáta. Ọ̀kan nínú wọn, ti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1962, òkè ò lè dì í mú, èéfín olóró tú jáde sára àwọn tó wá wòran, títí kan mínísítà méjì.

Àdùkẹ́_Òṣogbo
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mi ò mọ̀ rárá pé Balewa ṣe bẹ́ẹ̀.

Tèmítọ́pẹ́_Leeds
Èéfín tí Bàbá sọ yẹn ni ìdáhùn tó kù. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tó ń lo oògùn onítànṣán, nítorí náà ọ̀rọ̀ gáàsì xenon kì í ṣe tuntun lójú mi.

Ohun tí ẹ̀rọ inú ilẹ̀ lè sọ ni pé nǹkan bú. Kò lè sọ bóyá átọ́míìkì ni tàbí ẹ̀tù tọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan tí ẹnì kan kó jọ. Inú afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rí ìyẹn wà. Bí átọ́ọ̀mù bá pín, ó máa ń bí xenon, xenon kì í sì bá nǹkan kan ṣe pọ̀, nítorí náà ó lè yọ́ gba ojú ibi tí àpáta sán jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní xenon-133, ìdajì rẹ̀ ń kú láàárín ọjọ́ márùn-ún àti díẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ ò lè jókòó tì í fún ọdún kan kẹ́ ẹ tó wá a. Lẹ́yìn ti Kòríà Àríwá ní 2006, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ibùdó Yellowknife ní Kánádà fi rí i nínú afẹ́fẹ́. Ti 2009, wọn ò rí ohunkóhun rárá, òkè náà di ẹnu mọ́ ọn pátápátá. Ti oṣù kejì 2013, inú oṣù kẹrin ni Takasaki ní Jàpáànì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó lé ní àádọ́ta ọjọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú oògùn tí à ń lò fún aláìsàn náà máa ń tú xenon sáfẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo oríṣi xenon tó pọ̀ ju èkejì lọ, kí wọ́n tún yí ìrìn afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà láti mọ ibi tó ti gbéra. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ṣèyí_Aláìgbàgbọ́
Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá wá gbẹ́ ihò ńlá, tí wọ́n fi àdó olóró sí àárín rẹ̀ kó má fara kan àpáta ńkọ́?

Dáyọ̀_Texas
Orí ẹ pé! Amẹ́ríkà ti dán ìyẹn wò. Ní 1964, wọ́n bú àdó olóró kílótọ́ọ̀nù 5.3 (kílótọ́ọ̀nù kan jẹ́ agbára ẹ̀tù ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù) sínú àpáta iyọ̀ ní Mississippi, ó sì dá ihò kan tó fẹ̀ tó mítà 34 sílẹ̀. Ní 1966, wọ́n lọ so èyí tó kéré, kílótọ́ọ̀nù 0.38, kọ́ àárín ihò yẹn, wọ́n yìn ín. Ìró tó dé inú ilẹ̀ kéré ní ìlọ́po bí àádọ́rin sí ohun tí ì bá jẹ́. Nítorí náà ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ihò tó máa gba èyí tó tóbi, iyanrìn àti òkúta tí wọ́n máa kó jáde nínú rẹ̀, sátẹ́láìtì ńkọ́? Xenon ńkọ́? Kékeré ni wọ́n lè fi pa mọ́. Ti Semnan tó jẹ́ ìwọ̀n 4.5 àti 5.1 kì í ṣe kékeré: nínú àpáta líle, kílótọ́ọ̀nù kan máa ń fún wa ní ìwọ̀n bíi 4. Ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ kò ní ṣe é kó tó 5.1, kí gbogbo ayé wá gbọ́.

Olùkọ́_Fíṣíìsì
Àǹtí Àdùkẹ́, ìbéèrè yín kejì ò gbọdọ̀ sọnù. Lórí fóònù, ẹ wọ ojú ewé USGS tàbí ti EMSC ti ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ wá ọjọ́ náà, ẹ fọwọ́ kan ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Bó bá tóbi tó, ẹ máa rí àwòrán róbótó kan tó ní dúdú àti funfun. Àwòrán ìṣípòpadà àpáta nìyẹn. Bí dúdú àti funfun bá pín in lọ́nà mẹ́rin tàbí tí ọ̀kan là á láàárín, àpáta ló yọ̀. Àdó olóró pọ́ńbélé ì bá kún fún àwọ̀ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ wo máàpù ibẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ máa rí i pé Semnan ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mì, ilẹ̀ Arébíà ló ń ti ilẹ̀ Iran láti gúúsù, òkè Alborz tó wà níbẹ̀ gan-an, títì yẹn ló gbé e dìde. CTBTO pàápàá sọ lórí ti 2024 pé ó bá àwọn tó ti mì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Àwọn onímọ̀ tó tún ìlà náà yẹ̀ wò rí i pé àpáta kan gun orí èkejì ni.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ tún bá mi wò ó: ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù keje 1984, àwọn òbí wa ṣì ń sọ ọ́. Ó mì ní Mpape l'Ábújá ní oṣù kẹsàn-án 2018. Ṣé ìfọ́kùúta ló fà á?

Dáyọ̀_Texas
Ti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbọ́ ọ títí dé Ìbàdàn, ìfọ́kùúta kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn nílé ni pé nǹkan kékeré ò ṣeé pín sí ọ̀tún àti òsì bí ẹ̀rọ ò bá yí i ká nítòsí. Ibùdó tó ń bójú tó ẹ̀rọ Nàìjíríà wà ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, wọ́n sì ní ẹ̀rọ ní Ifẹ̀, Kaduna, Nsukka àti àwọn ibòmíì. Ẹ kọ ìwé sí wọn, ẹ fi ọjọ́ àti aago gan-an sí i.

Àdùkẹ́_Òṣogbo
Mo ti fi àwòrán róbótó yẹn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Ó ní Amẹ́ríkà ló yà á. Mo ní kó lọ wo ti Yúróòpù. Kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n ó ti kà á, mo rí àmì aláwọ̀ búlúù méjì.

Ẹ̀gbọ́n Òkúta, ọmọ mi tó ń wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan ń ṣe fíṣíìsì ní SS2. Ó fẹ́ rí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ ṣóńṣó yẹn.

Òkúta_L'Abẹ́òkúta
Kò burú. Nígbà ọlidé ni kẹ́ ẹ mú un wá, kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó má wọ sálúbàtà. Wọn ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ibi tí a ti ń yìn ín, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àpótí ló máa dúró sí, yóò sì rí ìwé bó ṣe ń tẹ̀ jáde. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí n lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá.